Oníbodè ara sẹ́ẹ̀lì: bí ẹ ṣe lè lo oògùn ásímà kó dé ibi tó yẹ kó dé

Ẹni tó ní ásímà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ikọ́ sémìísémìí, sábà máa ń ní ínhélà méjì, ìyẹn ohun èlò tí a fi ń fa oògùn sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń fa ọ̀kan nígbà tí àyà bá há mọ́ ọn. Èkejì ni dókítà ní kó máa fà láàárọ̀ àti lálẹ́, àyà ì báà há, kó má há. Èyí àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́, torí wọ́n fà á, wọ́n sì rí i pé ó ṣiṣẹ́. Èkejì ni wọ́n máa ń pa tì, torí bí wọ́n fà á, bí wọn ò fà á, bákan náà ni ọjọ́ rí lójú wọn. Àṣìṣe yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ wọn dé ilé ìwòsàn, àwọn kan ò sì padà bọ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ni ìdí rẹ̀ wà. Ẹni tó bá mọ ẹni tí oògùn rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ á mọ ìgbà tó yẹ kó lò ó àti iye tó yẹ kó lò.

Ta ni oníbodè?

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká. Àwọn pròtéènì kan dúró lára awọ yìí, apá kan wọn wà lóde, apá kan wà nínú. Rìsẹ́ptọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Oníbodè la máa pè wọ́n níbí, torí iṣẹ́ oníbodè gan-an ni wọ́n ń ṣe: ońṣẹ́ tó ti òde wá kì í wọlé, ẹnu bodè ló ti ń jíṣẹ́. Oníbodè ló ń gbọ́ ọ, òun náà ló sì ń sọ ọ́ fún àwọn ará ilé. Oníbodè kọ̀ọ̀kan ní ońṣẹ́ tó dá mọ̀, kì í dá ẹlòmíì lóhùn.

Oògùn lè fara jọ ońṣẹ́ débi pé oníbodè á gba iṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí salbutamol, oògùn inú ínhélà àkọ́kọ́, ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó lè lọ jókòó sẹ́nu bodè kí ońṣẹ́ gidi má ráyè dé ibẹ̀, bíi ti ipratropium àti montelukast, oògùn ásímà méjì tí a ṣì máa dé orí wọn. Ó sì lè ká ońṣẹ́ mọ́ ojú ọ̀nà kó tó débẹ̀ rárá, bíi ti abẹ́rẹ́ omalizumab. Bí wọ́n bá kọ oògùn tuntun fún yín, ẹ bi dókítà tàbí apòògùn léèrè pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ á sọ púpọ̀ fún yín nípa ohun tí ẹ lè retí.

Salbutamol àti oníbodè beta-2

Iṣan kan yí ọ̀nà èémí ká nínú ẹ̀dọ̀fóró bí ìgbànú ṣe ń yí ìbàdí ká. Bó bá fún, ọ̀nà á dín, èémí á máa súfèé kọjá. Oníbodè tó ń jẹ́ beta-2 pọ̀ lára iṣan yìí. Adrenaline, tí ara máa ń tú jáde nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá tàbí tí a bá ń sáré, ni ońṣẹ́ tó mọ̀. Lọ́dún 1948 ni onímọ̀ nípa oògùn kan, Raymond Ahlquist, sọ pé alpha àti beta ni àwọn oníbodè adrenaline pín sí. Ní 1967 ó hàn pé beta náà pín sí méjì: beta-1 tó pọ̀ lára ọkàn, àti beta-2 tó pọ̀ lára ọ̀nà èémí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni salbutamol dé ọjà, oògùn tó ń wá beta-2 ju beta-1 lọ, kó má baà da ọkàn láàmú bí àwọn oògùn tó ṣáájú rẹ̀ ti ń ṣe.

Fífà kan nínú ínhélà salbutamol sábà máa ń jẹ́ 100 máíkírógíráàmù. Bó bá ti di beta-2 mú, ara oníbodè á yí díẹ̀. Pròtéènì kan tó fara tì í lábẹ́, tí wọ́n ń pè ní G, á mọ̀ ọ́n lára, á já kúrò, á lọ jí énsáìmù (pròtéènì tó ń mú kí iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yá) tó ń jẹ́ adenylyl cyclase. Énsáìmù yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ATP, èròjà agbára sẹ́ẹ̀lì, di cAMP, ońṣẹ́ kékeré inú ilé. cAMP náà á jí énsáìmù mìíràn, protein kinase A, èyí á mú kí calcium tó ń mú iṣan fún lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀, á sì dá énsáìmù tó ń fún iṣan pọ̀ dúró. Ìgbànú tú nìyẹn. Oníbodè kan lè jí G púpọ̀, énsáìmù kan sì lè ṣe cAMP rẹpẹtẹ, ìdí nìyí tí oògùn tíńtín fi lè mú àyà fúyẹ́ láàárín ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Agbára rẹ̀ máa ń wà fún wákàtí 4 sí 6. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Robert Lefkowitz àti Brian Kobilka, gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì lọ́dún 2012 nítorí iṣẹ́ wọn lórí ìdílé àwọn oníbodè yìí, ó sì tọ́ sí wọn gan-an.

Beta-2 wà lára iṣan ọwọ́ náà, ìyẹn ló ń mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n lẹ́yìn fífà bíi mélòó kan. Àyà lè máa lù kìkì. Salbutamol tó pọ̀ tún máa ń ti potassium láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn bí wọ́n bá fún èèyàn ní púpọ̀. Ọwọ́ gbígbọ̀n tó lọ lẹ́yìn wákàtí kan kì í ṣe ìdí láti sá fún oògùn yìí nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti wọ́ nìyí. Bí ońṣẹ́ kan náà bá ń kanlẹ̀kùn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ó máa ń sú sẹ́ẹ̀lì. Énsáìmù kan tó ń jẹ́ GRK á fi phosphate sàmì sára oníbodè. Pròtéènì mìíràn, arrestin, á rí àmì náà, á wá bo abẹ́ oníbodè mọ́lẹ̀ kí G má gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á fa oníbodè wọlé kúrò lẹ́nu bodè, á sì ba àwọn kan jẹ́. Ẹni tí fífà méjì ń tó tẹ́lẹ̀ lè wá rí i pé mẹ́rin ò ṣe é bó ṣe ń ṣe é mọ́. Èyí tó burú jù ni pé salbutamol kò kan wíwú inú ọ̀nà èémí rárá. Ó tú ìgbànú sílẹ̀, àmọ́ ògiri ọ̀nà ṣì ń wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣì ń dí i. Àyà fúyẹ́, ẹ rò pé ó ti parí, àìsàn sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí GINA, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ásímà fún gbogbo ayé, fi sọ lọ́dún 2019 pé kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ má ṣe fi salbutamol nìkan tọ́jú ásímà mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti ń lò ó jù, ẹ kọ déètì sára ínhélà tuntun lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i. Fífà 200 ló sábà máa ń wà nínú ọ̀kan. Bí ẹ bá lo mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan, ewu pé ásímà á dìde líle ti pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀kan lóṣooṣù, ewu ikú ti wọ̀ ọ́. Ẹ má ju agolo rẹ̀ sínú omi láti wò bóyá á léfòó. Àyẹ̀wò yẹn kì í sọ òótọ́, omi sì lè dí ihò rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ínhélà ni kí ẹ máa wò. Bí kò bá ní nọ́ńbà, ẹ máa ka fífà.

Steroid: oníbodè tó ń gbé inú ilé

Steroid, oògùn tó ń pa wíwú ọ̀nà èémí, ló sábà máa ń wà nínú ínhélà kejì, ti àràárọ̀ àti alẹ́. Ó fẹ́ràn ọ̀rá, ọ̀rá sì pọ̀ lára awọ sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà kì í dúró lẹ́nu bodè. Ó ń wọlé tààrà. Inú lọ́hùn-ún ni oníbodè tirẹ̀ wà. Àwọn méjèèjì á so pọ̀, wọ́n á jọ wọ yàrá tí DNA wà, níbi tí àwọn jíìnì, ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe pròtéènì, wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa àwọn jíìnì tó ń ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì wíwú lẹ́nu mọ́, tí wọ́n sì ń ta àwọn jíìnì mìíràn jí. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń ta jí ni jíìnì tó ń ṣe oníbodè beta-2. Ẹ dákun, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Steroid ló ń dá oníbodè tí salbutamol nílò padà sẹ́nu bodè. Ẹni tó bá pa ínhélà steroid tì ń sọ ti salbutamol náà di aláìlágbára.

Iṣẹ́ jíìnì ò yá. Pròtéènì kan gbọ́dọ̀ tán kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀, nítorí náà wákàtí ni steroid fi ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ló fi ń hàn, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló sì lè fi dé góńgó. Bí ẹ bá fà á fún ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ sì ní kò ṣe nǹkan kan, ẹ ò tíì fún un láyè. Ìwọ̀n kékeré budesonide, ọ̀kan lára àwọn steroid tí à ń fà, fún àgbàlagbà jẹ́ 200 sí 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́, èyí sì ń tó ọ̀pọ̀ èèyàn bí wọ́n bá ń fà á dáadáa.

Ọ̀nà kan wà tó pa méjèèjì pọ̀, òun sì ni a fara mọ́ jù fún ẹni tó máa ń gbàgbé ti àràárọ̀: ínhélà tí budesonide àti formoterol jọ wà nínú rẹ̀. Beta-2 ni formoterol náà ń bá sọ̀rọ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń tó wákàtí 12. Bí àyà bá há, ẹ ó fa ọ̀kan, steroid á sì bá a wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí wọ́n kọ 200/6 sí lára (budesonide 200, formoterol 6 máíkírógíráàmù) ni wọ́n sábà ń lò fún àgbàlagbà: fífà kan nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀, kó má ju 6 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí gbogbo rẹ̀ pọ̀ má sì ju 12 lọ lójúmọ́. Bó bá ti ń sún mọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ti ní láti rí dókítà. Ẹ má fi ínhélà tó ní salmeterol ṣe irú èyí. Beta-2 lòun náà ń lọ bá, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, kò sì ní gba èèyàn sílẹ̀. Formoterol tàbí salmeterol láìsí steroid kò yẹ ẹni tó ní ásímà rárá.

Bí oògùn ṣe ń dé ibẹ̀

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ yìí dá lórí pé kí oògùn dé ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ínhélà tí a ń tẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun, kódà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ dìde dúró tàbí kí ẹ jókòó kí ẹ̀yìn nà ró ṣánṣán. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ wo ẹnu rẹ̀ bóyá nǹkan wọ ibẹ̀, kí ẹ wá mì í dáadáa, torí nínú ọ̀pọ̀ ínhélà oògùn máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ lára gáàsì tó ń tì í. Bó bá jẹ́ tuntun, tàbí ó ti pẹ́ tí ẹ lò ó gbẹ̀yìn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí afẹ́fẹ́ ná níye ìgbà tí ìwé inú páálí rẹ̀ sọ. Ẹ mí síta jẹ́jẹ́ títí àyà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹ fi ètè dì í mú, kí ahọ́n má dí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí èémí ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kí ẹ máa fà á lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 5. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà ti ta oògùn sí ẹ̀yìn ọ̀fun. Ẹni tó fà á wàràwàrà náà, ibẹ̀ ló gbé e sí. Ẹ séèémí fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, tàbí ìwọ̀n tí ẹ bá lè ṣe, kí oògùn ráyè bà lé ògiri ọ̀nà èémí. Ẹ dúró fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ tún un mì, kí ẹ tó fa èkejì.

Spacer, ike gbọọrọ tí a ń fi ínhélà bọ̀ lẹ́nu, ń gba èèyàn lọ́wọ́ wàhálà títẹ̀ àti fífà lẹ́ẹ̀kan náà. A ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni tó ń lo ínhélà títẹ̀ ò fi ní ní i. Ẹ tẹ fífà kan sínú rẹ̀, ẹ fà á jẹ́jẹ́ kí ẹ séèémí, tàbí kí ẹ mí wọlé mí síta nígbà márùn-ún, kí ẹ tó tẹ òmíràn. Bí ẹ bá tẹ méjì pọ̀, oògùn á so mọ́ra wọn, á sì lẹ̀ mọ́ ike. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nù ún: aṣọ máa ń mú kí iná mànàmáná kóra jọ sára ike, iná yẹn á sì máa fa oògùn mọ́ra. Ọmọ kékeré tí kò lè fi ètè di ẹnu rẹ̀ mú ń lo ìbòjú, kí ìbòjú náà lẹ̀ mọ́ ojú tímọ́tímọ́.

Ínhélà oníyẹ̀fun yàtọ̀ pátápátá. Tirẹ̀, ẹ fà á kíákíá, kó le, kó jinlẹ̀, torí agbára èémí yín ló ń fọ́ ìyẹ̀fun náà. A kì í mì í, a kì í fi spacer sí i, a kì í sì í mí sínú rẹ̀; ọ̀rinrin ẹnu á mú kí ìyẹ̀fun dì pọ̀.

Lẹ́yìn steroid, ẹ bu omi sẹ́nu, ẹ fi yọ ẹnu kó dé ọ̀fun, ẹ tu ú dànù. Ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lè ní èfù funfun lẹ́nu tàbí kí ohùn rẹ̀ ha.

Àwọn oníbodè yòókù

Acetylcholine ni ońṣẹ́ tí iṣan ìmọ̀lára vagus ń rán sí ọ̀nà èémí. Oníbodè M3 ló ń gbà á, òun sì ń mú kí calcium gòkè, ìgbànú á fún, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á pọ̀. Ipratropium ń jókòó síbẹ̀ dípò ońṣẹ́ náà. Ó lọ́ra ju salbutamol lọ, nítorí náà àfikún ni lákòókò pàjáwìrì, kì í ṣe arọ́pò. Tiotropium ni ẹ̀yà rẹ̀ tí à ń fà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Bí wọ́n bá ń fi ìbòjú fún yín ní ipratropium, ẹ má jẹ́ kó fọ́n sójú, ó lè mú kí ẹyin ojú fẹ̀, ó sì léwu fún ẹni tó ní glaucoma, àrùn ojú kan tó ń ba ìríran jẹ́. Nǹkan kan wà tó yani lẹ́nu níbí: lára iṣan vagus fúnra rẹ̀ ni M2 wà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ pé ońṣẹ́ tí wọ́n rán ti tó. Kòkòrò àìlèfojúrí tó ń fa ọ̀fìnkìn máa ń ba M2 jẹ́, vagus á wá máa rán ońṣẹ́ láìdúró. Ó wà lára ohun tó ń mú kí ọ̀fìnkìn lásán máa gbé ásímà dìde.

Montelukast ń dí oníbodè CysLT1, tí àwọn leukotriene ń jíṣẹ́ wíwú àti fífún fún. Oníhóró ni, alẹ́ la ń lò ó: 10 mílígíráàmù láti ọmọ ọdún 15 sókè, 5 fún ọmọ ọdún 6 sí 14, 4 fún ọmọ ọdún 2 sí 5. Lọ́dún 2020 ni àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fi ìkìlọ̀ tó lágbára jù sára rẹ̀, torí ó lè fa àlá burúkú, ìbínú òjijì, ìbànújẹ́ àti èrò láti pa ara ẹni. Bí ìwà ọmọ bá yí padà lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ lọ bá dókítà, ẹ má dúró wò ó.

Ní ti èèwọ̀ ara (àléjì), pròtéènì IgE ti gorí oníbodè rẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì mast, ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara, ṣáájú, ó ń retí. Bí eruku tàbí irun ológbò bá dé tó so IgE méjì pọ̀, sẹ́ẹ̀lì náà á bú, histamine àti leukotriene á tú jáde láàárín ìṣẹ́jú. Omalizumab ń kó IgE inú ẹ̀jẹ̀ kó má ráyè gorí oníbodè. Abẹ́rẹ́ ni, ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 4 síra, ìwọ̀n ara àti iye IgE inú ẹ̀jẹ̀ ló sì ń pinnu iye rẹ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ mìíràn ń bá àwọn ońṣẹ́ wíwú yòókù jà: mepolizumab ń mú ońṣẹ́ IL-5, benralizumab ń dí oníbodè IL-5 fúnra rẹ̀, dupilumab ń dí èyí tí IL-4 àti IL-13 jọ ń lò, tezepelumab sì ń mú ońṣẹ́ TSLP. Ásímà líle ni gbogbo wọn wà fún. Kí ẹnikẹ́ni tó gbà wọ́n, kí wọ́n ti ka eosinophil, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó ń dá kún wíwú, nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì ti wò ó bó ṣe ń fa ínhélà.

Àwọn oògùn kan wà tó ń ṣe òdì kejì. Propranolol, oògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ń dí beta-2 gan-an. Ó lè fún àyà pa, ó sì lè sọ salbutamol di asán. Timolol tí wọ́n ń kán sójú fún glaucoma ń ṣe bákan náà: ojú ni wọ́n kán an sí lóòótọ́, àmọ́ ó ń wọ ẹ̀jẹ̀. Aspirin, ibuprofen àti diclofenac ń mú kí leukotriene pọ̀ lára àwọn kan tó ní ásímà. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ oògùn fún yín pé ẹ ní ásímà, títí kan dókítà ojú.

Bí ásímà bá dìde

Ẹ jókòó, ẹ má dùbúlẹ̀. Ẹ fa salbutamol 4 sí 10 nípasẹ̀ spacer, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè tún un ṣe ní ìṣẹ́jú 20 síra fún wákàtí kan bí ẹ ṣe ń wá ìrànlọ́wọ́. Bí ẹ ò bá lè parí gbólóhùn kan láìmí, bí ètè bá ń dúdú, bí oorun àìmọ̀dí bá ń gbé yín, tàbí bí àyà tó ń súfèé tẹ́lẹ̀ bá dákẹ́ láìjẹ́ pé ara tù yín, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ sì máa fà á lọ lójú ọ̀nà. Dídákẹ́ yẹn ló máa ń tan àwọn ará ilé jẹ. Afẹ́fẹ́ ò kọjá mọ́ ni kò ṣe súfèé.

Ẹ sọ iye tí ẹ ti fà fún wọn níbẹ̀. Wọ́n á fún yín ní oníhóró prednisolone, steroid tí à ń gbé mì, kíákíá pẹ̀lú salbutamol, torí ọ̀nà DNA yẹn lòun náà ń gbà, wákàtí bíi mélòó kan ló sì ń gbà kó tó ràn. Ti àgbàlagbà sábà máa ń jẹ́ 40 sí 50 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọjọ́ 5 sí 7. Ti ọmọdé jẹ́ 1 sí 2 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan, kó má ju 40 lọ, fún ọjọ́ 3 sí 5. Ẹ lò ó tán kódà bí ara bá yá lọ́jọ́ kejì, kí ẹ padà rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹ sì mú ínhélà méjèèjì dání kó lè wo bí ẹ ṣe ń fà á.